Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lórí púùlù inú ọgbà ilé

Bàbá Kẹ́mi, Àjà:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó béèrè bóyá púùlù ṣe é gbẹ́ sínú ọgbà ilé lọ́nà Lẹ́kí níbí, bẹ́ẹ̀ ni o, ó ṣe é gbẹ́. Tèmi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n máa rọ sínú púùlù ni gbogbo èèyàn ń rò. Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ tiwa, kòtò ò tíì mu wọ́n dé ìbàdí tí omi ti ń sun láti ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ yanrìn ni, àbàtà sì wà lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n ṣe ń kó yanrìn jáde ni ẹ̀gbẹ́ kòtò ń ya lulẹ̀. Ẹ̀ńjíníà ní kí gbogbo wọn bọ́ sókè. Ó kó páìpù tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wá, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí kòtò ká, ó so wọ́n mọ́ pọ́ǹpù kan ṣoṣo, ìyẹn sì ń fa omi tọ̀sán tòru títí kọnkéré ilẹ̀ àti ti ògiri fi gan. Owó epo tí ẹ̀rọ yẹn mu, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ níbí, ìyàwó mi máa ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Níbi tí ilẹ̀ púùlù ti pàdé ògiri, wọ́n tẹ́ rọ́bà gbọọrọ kan sáàárín kọnkéré kí omi má baà rí ojú ọ̀nà. Kí wọ́n tó lẹ táìlì kankan, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára ògiri, wọ́n sì ń wò ó bóyá omi ń fà kúrò lójú ilà. Kọngílá tó bá sọ fún yín pé èyí ò pọn dandan, ẹ rọra sìn ín dé gẹ́tì.

Nígbà tí ẹ̀ńjíníà ń gba owó rẹ̀ tó kù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fa púùlù yìí gbẹ nígbà òjò o." Aládùúgbò wa kan ò rí ẹni sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Oṣù kẹfà gan-an ló ní kí wọ́n fa tirẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, púùlù ti gbéra. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ etí rẹ̀ lápá ibi tó jìn, ó gbà mí dé ìgúnpá. Páìpù ti já, táìlì ti fọ́ yángá-yángá. Kọnkéré o! Ó léfòó bí ọkọ̀ ojú omi.

Akin tó ń tọ́jú púùlù:
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, ìṣirò ni. Ẹ mú púùlù tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó jìn ní mítà 1.5. Omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 48,000, tọ́ọ̀nù 48 nìyẹn. Bí ilẹ̀ àti ògiri bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, kọnkéré rẹ̀ á wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 35. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga dé etí rẹ̀, agbára tó máa tì í sókè ju tọ́ọ̀nù 60 lọ. Tí omi bá kún inú rẹ̀, kò lè mì. Ẹ fa omi yẹn dànù, 35 péré ló kù tó máa bá 60 jà.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi fáàfù kékeré kan sí ibi tó jìn jù. Bí omi ìta bá ti lágbára ju ti inú lọ, á ṣí, á sì jẹ́ kó wọlé. Omi ìdọ̀tí nínú púùlù sàn ju kí púùlù máa rìn kiri lọ. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ kọnkéré yọ kọjá ògiri kí iyẹ̀pẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá sì di dandan kí ẹ fà á gbẹ, ẹ dúró de ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ sì wo bí omi ṣe ga tó nínú kànga tó súnmọ́ ọn.

Ìyá Dámi, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará Èkó ń sọ̀rọ̀ omi, àpáta ni tiwa. Kòtò ò ju orúnkún lọ tí ṣọ́bìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ró gan-an-gan. Ìgbà tí wọ́n dá owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta lé wa, ọkọ mi ní kí gbogbo rẹ̀ má jìn ju mítà 1.2 lọ. Èmi ò kúkú bínú, ta ló fẹ́ bẹ́ sódò nínú ilé?

Omi borehole wa mọ́ gaara. A rọ ọ́ kún, a da kílórínì sí i nírọ̀lẹ́ torí àlejò ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ṣí wíńdò láàárọ̀, omi ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ pe pásítọ̀. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà ló là wá lóye: irin tó yọ́ sínú omi ni, ojú kì í rí i, kílórínì ló sọ ọ́ di ìpẹtà. Ó da álọ́ọ̀mù, èyí tó ń mú kí ìdọ̀tí inú omi dì pọ̀ kó sì rì sísàlẹ̀, sí i, ó pa pọ́ǹpù kí omi lè tòrò, ó wá fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dànù tààrà láìjẹ́ kó gba inú fíltà kọjá. Ẹ yẹ omi borehole yín wò kí ẹ tó rọ ọ́. Ásíìdì àti kílórínì ò sì gbọdọ̀ pàdé nínú ike kan o, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn lè pa èèyàn.

Déjì, Orlando:
Níbí, púùlù ilé ò ṣe é gbà lọ́wọ́ kọngílá láìsí ohun tí kò ní jẹ́ kí ọmọdé dé ibi omi. Òfin ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2000 ni. Ẹni tó bá yan láti ṣe ọgbà yí púùlù ká, ọgbà náà gbọ́dọ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ó kéré tán, kí gẹ́tì rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé, kó sì máa ṣí síta. Ṣé àwọn kọngílá ti Nàìjíríà máa ń ṣe é fún yín?

Bàbá Kẹ́mi, Àjà:
Àbúrò, àfi kéèyàn fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Wẹ́dà àdúgbò ló ṣe tiwa, púùlù ti kún kó tó parí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń jókòó ṣọ́ ọ. Akin, níbo ni kí n máa da omi tí a fi fọ fíltà sí? Gọ́tà ń ṣàn gba iwájú ilé ẹlòmíì.

Akin tó ń tọ́jú púùlù:
Ẹ má dà á sí gọ́tà, kílórínì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò síbi tó jìnnà sí púùlù àti borehole, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kó máa rì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Àjà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò náà kò ní kún fún omi fúnra rẹ̀.