Báwo ni kí n ṣe gba èrò àwọn àgbà Inupiat sílẹ̀?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní àríwá Alaska ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn Inupiat, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti pọ̀ jù. Ìjọba kò ṣàjèjì sí wọn rárá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jà fún North Slope Borough, ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè wọn, títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1972, kí owó orí láti ara epo tí wọ́n ń wà ní Prudhoe Bay lè tún ìlú wọn ṣe.

Mo pe ìpàdé lórí iṣẹ́ omi nínú oṣù karùn-ún, ènìyàn mẹ́rin péré ló wá, nítorí pé àwọn yòókù wà lórí yìnyín òkun, níbi tí wọ́n ti ń dọdẹ àbùùbùtán. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Nígbà tí mo tún un pè, àwọn àgbà dákẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò fèsì, láìmọ̀ pé ìyá àgbà tó gbé irun òkè ojú rẹ̀ sókè ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ẹni tó hun imú jọ ti sọ pé rárá.

Ìrẹ̀lẹ̀ àti yíyẹra fún ìjà wà lára ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ ètò kan lè máà ta kò ó ní gbangba. Ọ̀gá mi sì ń fẹ́ èsì lórí ìwé. Ṣé kí n máa lọ bá wọn nílé ni, bí à ń ṣe lọ́dọ̀ baálẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbà dé ọ̀dọ̀ wọn?