Ọmọ mi fẹ́ padà sí oko kòkó, mo ní rárá, gbogbo ilé ti kẹ̀yìn sí mi

Ọmọ Olóko:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, tàwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń kà. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ lọ tún oko kòkó bàbá mi ṣe ní apá Ìdànrè. Mo ní kò sí oko kankan níbẹ̀. Ó ní òun á lọ. Mo ní tó bá lọ, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kì í bu oúnjẹ fún mi àfi tí mo bá béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ní 2018, alágbàtà kan gbé àpò kòkó 14 lọ lọ́wọ́ mi, ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun á fi gbówó dé. Ẹni tí a jọ ń jẹun ni o! Ìyàwó rẹ̀ àti tèmi jọ dá aṣọ ẹbí níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, léèsì aláwọ̀ ewé, a ò tíì san owó léèsì náà tán tó fi sá lọ. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n mú owó epo wá. Mo mú un wá. Wọ́n ní kò tó. Àbúrò mi tí mo rán níléèwé kò fi kọ́bọ̀ ràn mí lọ́wọ́, àdúrà ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹni rere. Kò sí àgbẹ̀ tó ń là, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ló ń là.

Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí tó máa fi gbọ́?

Ìyá Ẹlẹ́kọ Oǹdó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹgbẹ́ aláàjọ ló jẹ owó tiẹ̀. Látìgbà náà, olè ni gbogbo èèyàn lójú rẹ̀. Kì í dáhùn ìkíni ará ilé kejì. Àwọn ọmọ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í padà wálé ọdún. Ọjọ́ tó kú, àwọn tó ń pè lólè yẹn náà ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ń wo wọ́n, mo ń sunkún, kì í ṣe torí ikú nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ.

Àgbẹ̀ Ìdí-Ayùnrẹ́:
Bàbá, éékà mélòó ni? Igi náà ti pé ọdún mélòó? Ọ̀rọ̀ alágbàtà àti léèsì lẹ sọ, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa oko.

Ọmọ Olóko:
Éékà mẹ́rin. Bàbá mi ló gbìn ín. Igi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo béèrè, mi ò béèrè ọ̀rọ̀ igi.

Bọ̀dá Táyé:
Ẹ má bínú sí mi o, bàbá. Ẹgbẹ́ ọmọ yín ń fi fóònù lu jìbìtì, tiyín ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gbé ọkọ́, ẹ wá ní kó má pè yín ní bàbá mọ́? Ẹ lọ bẹ ọmọ yẹn.

Agbékòkó Tẹ́lẹ̀:
Ẹ rọra pẹ̀lú bàbá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Lóṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé, torí ìkórè Gánà àti Ivory Coast tó burú. Kí 2025 tó parí, ó ti já wá sí nǹkan bí ìdajì. Mo ra tèmi nígbà tó wà lókè, ó já mọ́ mi lórí. Ẹni tó bá torí owó gbin kòkó á ké.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ìdajì tí ẹ ń wí yẹn náà ju ìlọ́po méjì iye tó wà ní 2022 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á lẹ sọ pé ó já, àgbẹ̀ tó gbìn ín ò sọ bẹ́ẹ̀.

Agbékòkó Tẹ́lẹ̀:
Ṣé ìwọ ti sá kòkó rí, àbí orí fóònù lo ti ń ka iye rẹ̀?

Bàbá Àgbà Ilé-Olúji:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sinmi. Kí wọ́n tó pa Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, rẹ́ ní 1986, iye kan náà la máa ń gbà látìbẹ̀rẹ̀ ìkórè dé òpin rẹ̀, ìjọba sì ń jẹ èrè orí rẹ̀. A ráhùn nígbà yẹn náà. A ò tìtorí ẹ̀ fi oko sílẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìdí-Ayùnrẹ́:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé iná ló jó igi náà ni, àbí wọ́n gé e? Tó bá jẹ́ gígé ni, ṣé wọ́n hú kùkùté rẹ̀?

Ọmọ Olóko: (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta)
Èmi ni mo gé e. Ní 2019. Mo háyà ẹ̀rọ ìgégi, mo gé gbogbo ẹ̀, mo tà á fún àwọn onígi ìdáná. Ọdún tí wọ́n bí mi ni bàbá mi gbin igi wọ̀nyẹn. Ọmọ yìí wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 16 ni nígbà yẹn. Ó di igi kan mú, mo ní kó kúrò.

Nígbà tí owó kòkó fò sókè ní 2024, tí àwọn tí oko wa jọ pààlà ń kọ́lé, mi ò rí oorun sùn. Tí kòkó bá dára, a jẹ́ pé kì í ṣe alágbàtà yẹn ló ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́. Èmi ni. Mi ò tíì tẹ ibẹ̀ látọjọ́ náà. Mi ò hú kùkùté kankan.

Bọ̀dá Táyé:
Háà. Bàbá, ẹ forí jì mí.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Oǹdó:
Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ kọ síbí yìí fún ọmọ yín. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Àgbẹ̀ Ìdí-Ayùnrẹ́:
Kùkùté kòkó kì í tètè kú. Tí wọ́n bá gé e, á tún hù láti ìdí, àwa náà a máa mọ̀ọ́mọ̀ gé igi tó ti darúgbó kó lè sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Gbòǹgbò ti wà nílẹ̀, nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í so. Láti 2019, bàbá! Àyè èyí tó bá ti kú lẹ máa gbin tuntun sí, kí ẹsẹ̀ bàtà 10 wà láàárín wọn, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìbòji. Ẹ lọ wò ó ná.

Ọmọ Olóko:
Igbó á ti pa á. Mi ò lọ síbì kankan.

Ọmọ Olóko: (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)
Mo lọ lánàá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé màá fi àdá la ọ̀nà wọlé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ro ìdí kùkùté 37, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn ló ti hù. Ọ̀kan so èso mẹ́ta. Méjì ti dúdú, ìkẹta dára.

Mo délé, mo bi ọmọ náà. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni, gbogbo Sátidé tóun ń sọ pé òun ń lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo sọ ohun tí ìyá yẹn ní kí n sọ fún un. Ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ jẹun ná, bàbá mi."

Mi ò sọ pé owó á dúró o. Mo ṣì mọ̀ pé alágbàtà á fẹ́ ré wa jẹ. Mo ti sọ fún un pé òṣùwọ̀n tiwa la máa rà, kò sì gbọ́dọ̀ ta àpò kan láwìn.

Àgbẹ̀ Ìdí-Ayùnrẹ́, a ń lọ ní Sátidé. Kùkùté kan wà tó hù ní ẹ̀ka méje, méjì nínú wọn tóbi bákan náà, ọ̀kan sún mọ́ ilẹ̀, èkejì ga sókè díẹ̀. Èwo ni ká gé?