Ìjọ Presbyterian àdúgbò wa l'Adó, àti àwọn tó gbé ìgbàgbọ́ dé Èkìtì

Ọmọ Adó:
Ẹ̀yin ará ilé, ìjọ Presbyterian kékeré kan wà ní àdúgbò wa. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, "ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Kàlàbá" ni mo máa ń pè é, torí ará Àrọ̀chúkwú, Ọ̀háfíà àti Kàlàbá ló pọ̀ níbẹ̀. Ará ilé wa kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ló pè mí síbi ìsàmì ọmọ rẹ̀.

Wọn ò ní bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn alàgbà tí ìjọ yàn ló ń bá pásítọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìjọ. Nígbà tí oúnjẹ dé, ọbẹ̀ afang ni, mo ní kí wọ́n bá mi wá iyán (ta ló fẹ́ bú mi?). Ibẹ̀ ni bàbá alàgbà kan ti ń pa ìtàn ìjọ wọn fún mi.

Oṣù kẹrin ọdún 1846 ni Hope Waddell, òyìnbó oníwàásù tó dá ìjọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, gúnlẹ̀ sí Kàlàbá. Ìjọ Presbyterian kan ní Skọ́tíláǹdì ló ń ṣiṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n Jàmáíkà ló ti gbéra, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, àwọn ará ibẹ̀ sì wà lára àwọn tó bá a wá. Tó bá ń wàásù ní Creek Town, ọba ibẹ̀, Eyo Honesty Kejì, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ọba o! Ẹ bá mi rò ó, kí Kábíyèsí dìde láàárín ìjọ, kí wọ́n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àlejò.

Ọdún yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ní oṣù kẹjọ 1846 kan náà ni Àjàyí Crowther àti Townsend, òyìnbó oníwàásù Áńgílíkà, wọ Abẹ́òkúta. Ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ni Crowther náà. Èkìtì wa ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tí ogun kó lọ ló gbàgbọ́ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì gbé e bọ̀ wálé nígbà tí ogun Kírìjí rọlẹ̀. Lójú tèmi, ẹrú ló gbé ìgbàgbọ́ wá fún wa, òyìnbó ló gba orúkọ. Ta ló mọ ẹni tó gbé e dé ìlú tiẹ̀?

Ìyá Ìkọ̀lé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìyá bàbá mi sọ fún wa pé ẹni tó kọ́ àwọn ní ábídí, wọ́n ti tà á rí. Tó bá ká ṣòkòtò láti po amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé á máa yọjú wo àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Oníwèé ni gbogbo ìlú ń pè é. Wọ́n tẹ ìwé àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì wa, àlùfáà ló kún inú rẹ̀, wọn ò dárúkọ bàbá yẹn rárá. Ó dùn mí.

Kọ́pà àná:
Mo sìnrúùlú ní Kàlàbá. Mo dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Waddell pè, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895. Azikiwe kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọba Kàlàbá ti kọ̀wé ránṣẹ́ pe òyìnbó kí Waddell tó dé, torí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀wé, mọ ìṣirò òwò. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ọmọ Adó:
Mo gbà. Ìyá Ìkọ̀lé, ṣé àwọn ọmọ ọmọ Bàbá Oníwèé ṣì wà nílé?

Ìyá Ìkọ̀lé:
Wọ́n wà dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ti di Àgùdà.