Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn oníbàárà ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ní Under G lẹ́bàá LAUTECH. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni mo ń ṣe jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Tákìé pè mí síṣẹ́. Mo dá iye lé e, wọ́n ní àwọn á rò ó. Kí n tó padà débẹ̀, ọmọ wọn ti fi Wix, ìkànnì tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ká sòótọ́, kò burú lójú. Ṣùgbọ́n ìpolówó Wix ló wà lókè rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ gùn gbọọrọ, wọn ò sì lè fi orúkọ tiwọn ṣe àdírẹ́sì náà àfi tí wọ́n bá sanwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Àtúnṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni! Mo ṣàlàyé títí, "Ṣebí ó ń ṣí?" ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé kí èmi náà máa fi Wix ṣe é fún wọn, kí n gba owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, àbí kí n má kúrò lórí WordPress, irinṣẹ́ ìkọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí mo mọ̀? Èló lẹ ń gbà lóṣù fún àbójútó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ máa ta òfì o.