Ìsọnùjẹ́ kẹ̀? Ta ló sọ kí ni nù?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ síbí lórí ọ̀rọ̀ tuntun tí àbúrò wa hun, "ìsọnùjẹ́", mo sì ti pinnu pé n kò ní dá sí i. Ohun tójú mi rí nígbà tí mo bẹnu àtẹ́ lu "ayárabíàṣá" tí wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà lọ́jọ́sí, n kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n "ìsọnùjẹ́" yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. (Jẹ́ mìíràn nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn lórí ẹ̀.)

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: àbúrò wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ n'Ìbàdàn kọ̀wé nípa Sozaboy, ìwé ìtàn ogun tí Ken Saro-Wiwa gbé jáde ní 1985. Ó ń ṣàlàyé bí Mene, ọmọ abúlé Dukana tó ń kọ́ṣẹ́ dẹ́rẹ́bà, ṣe wọṣẹ́ sójà kí ìyàwó rẹ̀ àti ará abúlé lè kà á sí ọkùnrin, tí ogun sì lò ó lò ó, tí kò fi mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Àbúrò ní òun wá ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi pe ìyẹn, òun ò rí, ni òun bá hun "ìsọnùjẹ́". Ó tún pe ìdíbọ́n Mene ní "àgàbàgebè". Níbi tó sì ti ń sọ ohun tó ń jẹ ọmọkùnrin náà lọ́kàn, "ebi" ló kọ, kò fi àmì kankan sí i. Lójú ìwé kan ṣoṣo o!

Ẹ wo bí a ṣe ń hun irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A ń mú àpólà ìṣe tó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn, a ń fi ì- síwájú ẹ̀. A ń sọ ọmọ lórúkọ, ó di ìsọmọlórúkọ. A ń dá ẹni mọ̀, ó di ìdánimọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń "sọnù jẹ́"? Bó bá jẹ́ pé ìjẹ́ lèèyàn sọ nù, "ìsọjẹ́nù" ni ìbá jẹ́, ìyẹn náà ò sì ṣe é gbọ́ sétí. Bí mo ṣe rí "sọnùjẹ́", "bàjẹ́" ló wá sí mi lọ́kàn, mo rò pé ẹnì kan sọnù títí ó fi bàjẹ́, bí iṣu tí wọ́n gbàgbé sóko.

Ti gírámà kéré sí ti ìtumọ̀ o. Ẹni tó sọ nǹkan nù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ nù, tàbí kó jẹ́ pé àìbìkítà ló ṣe é. Kí ni Mene sọ nù?

Ẹ jẹ́ ká bi "jẹ́" fúnra ẹ̀. À ń sọ pé "Kí lo ń jẹ́?", à ń sọ pé "Wọ́n pè é, kò jẹ́." Alàgbà wa ní Peckham ní ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, pé ìró nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ti ń kọ́ni ní èdè yìí kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n màmá mi àgbà tí kò mọ ìwé, bó bá fẹ́ bi àlejò lórúkọ, ohun tó máa ń sọ ni, "Kí la ó máa pè ọ́ tí wàá máa jẹ́?" Ìpè àti jíjẹ́ kò lè pínyà lẹ́nu ẹ̀. Orúkọ èèyàn ni ohun tó ń jẹ́ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún wa pé bá a bá gbọ́ orúkọ wa lóru tá ò rí ẹni tó pè wá, ká má jẹ́ ẹ.

Ó yá, ẹ padà sí Dukana. Mene la ogun já, ó wálé. Ilẹ̀kùn ń pa mọ́ ọn lójú. Duzia, ará abúlé rẹ̀ kan, ló wá là á yé e pé ìyá rẹ̀ àti Agnes ìyàwó rẹ̀ ti bógun lọ, pé òun fúnra rẹ̀ ti kú lójú àwọn ará ìlú, àti pé òkú rẹ̀ tí wọn kò sin ló ń fi àrùn pa wọ́n. Alààyè dúró síwájú wọn, wọ́n ní iwin ni! Ọmọkùnrin yìí ṣì mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìyá tó bí i, ó mọ ọkọ̀ ọ́ wà. Ẹni méjì tí ì bá pè é ti kú, àwọn tó kù kò sì fẹ́ pè é. Ẹ wá ń sọ fún mi pé òun ló sọ ọ́ nù?

Ìdánimọ̀ tí àbúrò sá fún, torí ó ní ó ti di ọ̀rọ̀ káàdì àti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ni, òun gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹlòmíràn ló ń dá ẹni mọ̀. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti dá a mọ̀, ẹ sọ pé "wọn ò dá a mọ̀ mọ́", ó parí. Ta ló ní dandan ni kó di ọ̀rọ̀-orúkọ? Ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fúnra rẹ̀ pe èdè inú ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó ti jẹrà, ẹ wá ń fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lọ rọ nílé alágbẹ̀dẹ ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston ní kí a kúkú pe Mene ní àkúdàáyà. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, àfìgbà tí mo rò ó dáadáa. Àkúdàáyà kì í padà sílé. Ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n rí ló máa ń lọ, yóò láya, yóò bímọ, ọjọ́ tí ará ilé ẹ̀ bá fojú kàn án tó sì dá a mọ̀, ó pòórá nìyẹn. Dídámọ̀ ló ń lé àkúdàáyà lọ. Àìdámọ̀ ló lé Mene. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà bóyá àyà ni tàbí aya ló wà nídìí àkúdàáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jà á síta.)

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lágboolé wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Benjamin Adekunle, ọ̀gágun tó kó ẹ̀ka ọmọ ogun Third Marine Commando wọ Port Harcourt nínú ogun Biafra ní 1968, ti wá, ogun náà kò sì jìnnà sí etí wa. Ní 1970, ọkùnrin kan tá a ti sunkún ẹ̀ tán dé lọ́sàn-án gangan, ó rù, irùngbọ̀n bo ojú ẹ̀. Àwa ọmọdé sá. Àwọn àgbà náà sá, wọn ò kàn ní gbà ni. Màmá àgbà ń sẹ́ èlùbọ́ lọ́wọ́, ó gbé asẹ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Àjàní!" Ọkùnrin náà ní, "Mà!" Màmá ní kí wọ́n bu omi wá fún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ìpè yẹn, n kò mọ ibi tí ì bá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àgàbàgebè ńkọ́? Rárá o. Àgàbàgebè mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ń jèrè ẹ̀. Mene tó ń wakọ̀ fún àwọn tí wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀tá ni, ìyá àti ìyàwó rẹ̀ ló ń wá kiri. Ó díbọ́n, bí ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà ṣe ń súfèé. Bẹ́ ẹ bá ń wá àgàbàgebè, Manmuswak ló yẹ kẹ́ ẹ lọ bá, ẹni tó jà níhìn-ín tó tún jà lọ́hùn-ún. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Jẹ, láìsí àmì òkè. Ó ń jẹ, kò jẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ku "ebi" àbúrò. Ṣé ebi tó ń pa wọ́n ni, ṣé ẹbí tó kú tán ni, àbí ẹ̀bi? Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé náà, nítorí náà mi ò lè gbójú fo àìfàmìsí yìí. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bi lo ní lọ́kàn, ẹlòmíràn náà ló ń dá ni lẹ́bi, bó ṣe ń dá ni mọ̀. Dukana dá a lẹ́bi ikú tí kò pa. Èyí tó wà nínú ọkàn Mene fúnra rẹ̀, pé ó ti fi iṣẹ́ sójà yangàn rí, tó sì fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Sozaboy, àbámọ̀ nìyẹn.

Alàgbà yóò ní dá ti dálẹ́bi àti dá ti dámọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti ń gbọ́ ohùn yín láti ibí. Mi ò tíì gbà.

Àbúrò, má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n fi "ìsọnùjẹ́" sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, pe ìyá rẹ lórí fóònù, kà á fún un, kí o wá kọ ohun tó bá sọ síbí. Mo ń retí ẹ.