Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oṣù mẹ́rin péré ni àbúrò mi fi kọ́ bọ́ọ̀sì, ìjà ẹ̀ṣẹ́, ó ti fẹ́ lọ jà

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19 ni, ó ga, kílò 92, àwọn bírìkìlà ló ń bá gbé sìmẹ́ńtì, tó bá gbé àpò kan léjìká á ní kí wọ́n gbé ìkejì lé e. Wọ́n wá ní kó lọ bá ọkùnrin kan jà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn tó ẹni ọdún 31, kílò 84, ó ti ń jà tipẹ́, wọ́n á sì fún àbúrò mi ní 30 000 sẹ́fà. Ó ní òun á nà án ní ráúndì kìíní, pé ṣé mi ò rí bí òun ṣe rí ni. Màámi ò sùn. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Bàbá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Jẹ́ kó lọ jàre. Tí ara ò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ló dé tí wọ́n fi ń wọn èèyàn kí wọ́n tó jà? Ẹ wo Ngannou ọmọ Kamẹrúùnù, ìjà bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ jà, lọ́dún 2023, Fury, ọ̀gá abẹ̀ṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá pàdé, ó sì là á mọ́lẹ̀ ní ráúndì kẹta.

Kóòṣì àtijọ́, Àjàṣẹ́: Bàbá Ìbejì, ẹ parí ìtàn yẹn. Ta ni wọ́n na ọwọ́ ẹ̀ sókè? Fury ni. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024, Joshua, ọmọ wa ọmọ Ṣàgámù, lù ú dákú ní ráúndì kejì. Kódà nínú UFC, ìdíje ìjà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì jà pọ̀, tó jẹ́ ilé Ngannou, Miocic tí ò tó o tóbi ló jẹ ẹ́ lọ́dún 2018, torí gbogbo agbára ẹ̀ ni Ngannou ná sí ráúndì kìíní, ìyókù ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí Ngannou padà bá a ní 2021, ó fara balẹ̀, ráúndì kejì ló pa á lẹ́nu mọ́. Ara kan náà ni o.

Mo kọ́ ọmọ kan bẹ́ẹ̀ rí, ìrókò ni, mo fi í bá tíṣà kan tó gbẹ bí ìgbálẹ̀ ṣe ìdánrawò. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó ń jù, afẹ́fẹ́ ló ń bá. Ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n máa ń di èémí mú, á le èjìká gbagidi, ẹ̀ṣẹ́ tó sì tàsé máa ń tán èèyàn lókun ju èyí tó bà lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ ẹ̀ ti wálẹ̀ dé ìbàdí, tíṣà ò tiẹ̀ gbá a le, ó kàn ń fọwọ́ òsì kàn án nímú, kàn án nímú, títí omi fi ń dà lójú ọmọ.

Bàbá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Mo gbọ́, àmọ́ ẹ má sọ pé ara ò ṣe nǹkan o.

Kóòṣì àtijọ́, Àjàṣẹ́: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá mọ ìjà dọ́gba, ẹni tó tóbi ló sábà máa ń jẹ ẹ́. Ti àbúrò yìí ò dọ́gba rárá ni. Kí ó kọ́kọ́ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bíi tiẹ̀ jà ná. Ta ló tiẹ̀ ṣètò ìjà yìí, kílò mẹ́jọ láàárín wọn?

Nọ́ọ̀sì, Kétu: Ṣé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò? Tí wọ́n bá gbá a lórí, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tọ́rọ̀ ẹ̀ ń dàrú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ dùbúlẹ̀ nílé.

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti pe kóòṣì ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó gbà pé ìjà yẹn yá jù, wọ́n á fi sílẹ̀. Màámi ti jẹun. Àbúrò mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ mo rí i tó mú okùn tó fi ń fò, ó sì jáde.