“Iyè” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “ọpọlọ àìrí”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ìwé tí ẹ kọ láti Ìjẹ̀bú-Òde ti dé ọ̀dọ̀ àwa ti Ṣàgámù. Ẹ ní ohun tí àwọn kan gbà pé ènìyàn fi ń ronú, tí kì í ṣe ọpọlọ, tó sì lè wà láìsí ọpọlọ, kí a máa pè é ní “ọpọlọ àìrí”. Ẹ ní kí ohun tí àwọn aláṣàrò ń rí máa jẹ́ “ìmọ̀ awo”, kí ibi tí ìwádìí kò lè kọjá sì máa jẹ́ “ààlà sáyẹ́ǹsì”. A nílò ọ̀rọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú àwọn tí ẹ mú wá, ẹ má bínú.

Ẹran ara ni ọpọlọ. Ti àgbàlagbà kò tó kílò kan àtààbọ̀, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá kọ “ọpọlọ àìrí” ti sọ fún òǹkàwé pé irú ẹran kan náà ni, ojú ni kò tó o. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an nìyẹn. A kò gbọdọ̀ fi orúkọ dá ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan dán àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wò. Ní 2014, dókítà kan, Sam Parnia, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ọkàn wọn dúró ní ilé ìwòsàn 15 ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Austria. Ìgbà 2,060 ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn tó yè, 140 ni wọ́n rí bá sọ̀rọ̀. Torí àwọn kan máa ń ní àwọn jáde kúrò nínú ara, àwọn sì ń wo ara àwọn láti òkè, wọ́n ti kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ògiri lókè ní àwọn yàrá kan, wọ́n gbé àwòrán lé e, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wolẹ̀ láti òkè àjà nìkan ló lè rí i. Èèyàn méjì péré ló ní àwọn rí, àwọn sì gbọ́ ohun tó ń lọ nígbà tí wọ́n ń du ẹ̀mí àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú wọn bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Àmọ́ kò sí pákó kankan níbi tí ọkàn àwọn méjèèjì ti dúró, nítorí náà àwòrán ò rẹ́ni dán wò.

Ó dáa, ìbéèrè ibẹ̀ ni bóyá ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró ṣì ń mọ ohun tó ń lọ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ẹ bá lo ọkàn, ohun tí ẹ máa rí ni: “Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ dúró.” Nọ́ọ̀sì tó bá kà á á ní ẹ ṣì í kọ. Inú ńkọ́? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò ó nínú Mátíù 22:37, wọ́n to àyà, ọkàn àti inú tẹ̀ léra, ó sì dùn létí níbẹ̀. Àmọ́ bí a bá sọ pé “inú aláìsàn ń ṣiṣẹ́”, ìgbẹ́ ni wọ́n máa rò. “Ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà” kò ju pé kò tí ì kú lọ. “Orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́”, a jẹ́ pé orí gbè é nìyẹn. Làákàyè sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n àti òye ni làákàyè. Ọmọ ọwọ́ kò tí ì ní i, ó sì mọ̀ pé ebi ń pa òun.

Iyè ló kù. “Iyè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ dúró.” Ta ló máa ṣì í gbọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní iyè kò ju ohun tí a fi ń rántí nǹkan lọ, òun ni wọ́n ṣe ń ṣe ìsọyè fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́jà Òkè-Àjé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bí gbájúẹ̀ bá gbowó lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ kó o lé e lọ́wọ́, “wọ́n pa á níyè dà” ni wọ́n máa wí. Ìyá náà kò gbàgbé nǹkan kan. Ó rántí iye owó, ó rántí aṣọ tí olè wọ̀. Ohun tí wọ́n pa dà ni èyí tó ń mọ̀, tó ń fẹ́, tó ń yàn. Ìrántí nìkan kọ́ nìyẹn.

Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Montreal, bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lórí tábìlì iṣẹ́. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, nítorí náà awọ orí nìkan ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ kó lè kú tipiri, aláìsàn á wà lójúfò, á máa dáhùn. Bí Penfield bá fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibi tó ń darí ọwọ́, ọwọ́ á gbéra. Aláìsàn á ní, “Èmi kọ́ ni mo gbé e, ẹ̀yin ni.” Nígbà tó di 1975, Penfield kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọpọlọ nìkan kò tó ṣàlàyé ẹni tó ń sọ “èmi kọ́” yìí. Ọ̀pọ̀ onísáyẹ́ǹsì kò gbà. Wọ́n ní apá mìíràn nínú ọpọlọ kan náà ló ń sọ̀rọ̀. Iyè gba ẹnu àwọn méjèèjì. Àwọn kan á ní, “Ọpọlọ ló ń bí iyè,” bí omi gbígbóná ṣe ń mú ooru jáde. Àwọn yòókù á ní, “Iyè ń gba ara ọpọlọ kọjá,” bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ara gíláàsì aláwọ̀. William James, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, ti to àfiwé méjèèjì yìí sílẹ̀ láti 1898.

Iyè ní àléébù kan, kò sì kéré. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìfàmì sí i, á dà pọ̀ mọ́ iye àti ìyè. Ẹ má sì kọ “iyè ènìyàn” láti fi wá ojútùú sí i, torí bí àmì bá jábọ́, iye èèyàn tí ìjọba kà ló kù. “Iyè inú” náà kò dáa, ó ti pinnu pé inú ara ló wà. Níbi tó bá ti kọ́kọ́ jáde, ẹ kọ “iyè tí a fi ń mọ̀”, lẹ́yìn náà kó máa jẹ́ iyè lásán.

Ní ti bí a ṣe máa sọ ọ́ pé iyè lè wà láìsí ọpọlọ, mi ò ní fi pẹ́: “lẹ́yìn ọpọlọ” á dà bí ìpàkọ́, “ju ọpọlọ lọ” á dà bí ìdíje. “Kọjá ọpọlọ” dáa.

Awo ló dùn mí jù. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bí ẹnì kan bá ní “awo”, ilédì Òṣùgbó ló máa sọ sí wa lọ́kàn, àti ìmùlẹ̀. Ohun tí awo mọ̀, ó lè sọ ọ́, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ni. Ní 1902, James to àmì mẹ́rin fún ìrírí àwọn aláṣàrò, èyí àkọ́kọ́ sì ni pé ẹni tó rí i kò rí ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́, bó ti wù kó fẹ́ sọ ọ́ tó. “Kò gbọdọ̀ sọ” àti “kò lè sọ” kì í ṣe ọ̀kan. “Ìrírí àìlèsọ” ni mo dábàá. Mi ò lo àwámáàrídìí, torí ó ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní rí ìdí rẹ̀ láéláé.

Ààlà náà ń kọ́? Ẹni tó bá gbin pèrègún sí ààlà oko ti gbà pé olóko mìíràn wà ní òdìkejì. Ẹ wo Hans Berger, dókítà ará Jámánì. Nígbà tó ń ṣe sójà ní ọ̀dọ́, ó já lórí ẹṣin, díẹ̀ ló kù kó kú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó wà lọ́nà jíjìn, ní ara òun kò gbà á, ó ní kí bàbá wọn fi wáyà béèrè àlàáfíà rẹ̀. Berger wá ohun tó gbé ìròyìn náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1924 ó gba ìgbì iná mànàmáná láti orí ènìyàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929: bí mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ojú bá wà ní dídì, bí ó bá lajú, ìgbì náà á rọlẹ̀. Ìgbì yẹn kò lágbára tó láti dé yàrá kejì, ká má tilẹ̀ sọ ìlú kejì. Ohun tó wá, kò rí i. Ohun tó rí, ilé ìwòsàn ń lò ó dòní fún wárápá. Mi ò rí pèrègún níbẹ̀. “Ibi tí sáyẹ́ǹsì dé” ni kí a kọ, torí ẹni tó dé ibì kan ṣì lè tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní gbólóhùn kan tí iyè kò lè wọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ kí a tó ti ojú ewé yìí pa.